Ìyára Ọwọ́ Nìkan Kọ́ Ni Ìmọ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, “Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.” Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí onídùndún bá ń ki ọba ní ojúde ààfin yóò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni onítọ̀hún ń ṣe. Oríkì tí ó ń lù kì í ṣe ti ìlù ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ti ẹnu ni. Ẹnu ènìyàn ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, pẹ̀lú ètè àti ahọ́n àti eyín. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò sì ní eyín. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ti ń yára tàbí bí ó ti ń falẹ̀. Síbẹ̀, ọba yóò gbọ́, yóò sì mi orí. Onídùndún ti gba ohun tí í ṣe ti ẹnu, ó ti gbé e sínú awọ àti ọṣán. Ohun tí kò ṣeé gbé ti bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń mọ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò pe onídùndún ní olè nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi ẹnu ki oríkì.

Mo fi èyí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí bá mi yẹ̀ wò. Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹnì kan bá mú orin tí ẹlòmíràn dá fún ohun-èlò kan ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, tí ó sì gbé e sórí ohun-èlò mìíràn tí ẹni tí ó dá a kò fojú rí rí, ṣé ọlá ni ó bù fún orin náà ni, tàbí ó ba orin náà jẹ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọgbọ́n ọwọ́ tí ó ṣòro gidigidi ni ó fi ṣe é, ṣé nítorí ìṣòro náà ni ó fi yẹ kí a yìn ín? Ibi tí ìbéèrè yìí ti le jù lọ ní ayé òde òní ni ọ̀dọ̀ àwọn onígìtá oníná, àwọn tí ń fi ohun-èlò tí ń han gooro yìí ta orin tí àwọn ọ̀gá orin ilẹ̀ Yúróòpù kọ fún fáyólìn àti fún dùùrù ní nǹkan bí igba ọdún tàbí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Gìtá àtijọ́ jẹ́ àpótí igi tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí a bá ta okùn rẹ̀, àpótí náà ni yóò gba ìró okùn, tí yóò sì sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n ìró náà kì í pẹ́ kí ó tó kú. Gìtá oníná kò gbẹ́kẹ̀ lé àpótí. Okùn irin ni okùn rẹ̀, irin òòfà sì wà lábẹ́ àwọn okùn náà, tí a fi wáyà tín-ín-rín wé ní àìmọye ìgbà. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n lórí òòfà, iná kékeré yóò máa dìde nínú wáyà náà. Ẹ̀rọ mìíràn yóò sì fún iná yìí ní agbára, títí yóò fi jáde láti ẹnu gbohùngbohùn. Ní ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún George Beauchamp ní ìwé àṣẹ lórí irú gìtá bẹ́ẹ̀, èyí tí òun àti Adolph Rickenbacker ti ń ṣe jáde fún ọdún mélòó kan ṣáájú. Nítorí agbára iná yìí, ohùn kan lè pẹ́ lórí gìtá oníná bí ẹni pé a ń fi ọrun fáyólìn wọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn onígìtá kan fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ìwé orin fáyólìn wò, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé, “Kí ló dé tí èyí kò lè jẹ́ tiwa pẹ̀lú?”

Ní ọdún 1978, Eddie Van Halen gbé orin kékeré kan jáde tí ń jẹ́ Eruption, nínú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ń tẹ okùn lórí ọrùn gìtá. Ní ọdún 1984, Yngwie Malmsteen, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, gbé àwo tí ń jẹ́ Rising Force jáde, ipa Bach àti ti Paganini sì hàn gbangba nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ káàkiri ayé ti ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ra láti fi gìtá oníná kọ́ orin àwọn ọ̀gá àtijọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé àbùkù gbáà ni. Wọ́n ní orin tí a dá fún ilé ìsìn àti fún ààfin ọba kò yẹ ní ibi tí ariwo ti ń di etí. Andrés Segovia, àgbà onígìtá ará Sípéènì, kò fẹ́ràn gìtá oníná rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Segovia fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1935, ní ìlú Paris, ó fi gìtá onígi ta Chaconne ti Johann Sebastian Bach, orin tí Bach kọ fún fáyólìn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti gbé orin kúrò ní ipò rẹ̀ ti gbé e kúrò ní ipò rẹ̀ rí.

Bach fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1713 sí 1714, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Weimar ní ilẹ̀ Jámánì, ó mú orin fáyólìn tí Antonio Vivaldi ará Ítálì kọ, ó sì gbé wọn sórí dùùrù. Ní ìgbà tí ó yá, ó mú orin mìíràn tí Vivaldi kan náà kọ fún fáyólìn mẹ́rin, ó sọ ọ́ di orin fún dùùrù mẹ́rin. Kì í ṣe àìní orin ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin ń tú jáde lára Bach bí omi ti ń tú jáde láti ìsun. Ó fẹ́ mọ bí ẹlòmíràn ti ń ronú ni. Láàárín àwa Yorùbá pẹ̀lú, Fela Sowande, ẹni tí a bí ní ọdún 1905, tí ó sì kú ní ọdún 1987, mú ohùn orin ìbílẹ̀ wa, ó gbé e sórí dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì rí ẹni tí ó fi èyí sọ ọ́ di ọ̀tá orin Yorùbá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Nítorí náà, gbígbé orin láti orí ohun-èlò kan sí òmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a ti ṣe gbé e ni ó yẹ kí a bèèrè, àti irú ọkàn tí a fi gbé e. Mo rí ojúṣe mẹ́ta tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú iṣẹ́ yìí lé.

Ojúṣe kìíní ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń gbé, kí ó sì mọ ohun tí yóò bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa tí a bí sínú èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin àwọn Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀, ohùn orin a gbé e lọ sókè. Báyìí ni “ọkọ” ṣe lè di “ọkọ́” lẹ́nu ẹni tí ń kọrin, tí “igbá” sì lè di “igba”. Ọkàn àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n sì sa gbogbo ipá wọn. Ṣùgbọ́n ohun-èlò tuntun ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì lè pa ìtumọ̀ bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo onígìtá oníná mọ̀. Niccolò Paganini, tí a bí ní ìlú Genoa ní ọdún 1782, tí ó sì kú ní ọdún 1840, kọ orin mẹ́rìnlélógún fún fáyólìn kan ṣoṣo, èyí tí ó pè ní Caprice. A tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1820. Nínú ìkarùn-ún, ohùn a máa sáré gun òkè bí ẹni ń gun àkàbà, a sì máa sáré sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ohùn kéékèèké yóò máa tẹ̀ lé ara wọn láìsinmi. Bí Paganini ti fẹ́ kí a ta á ni pé kí a ju ọrun sórí okùn kí ó máa ta pọ́n-ún, pọ́n-ún, pọ́n-ún fúnra rẹ̀, kí a tó fà á padà. Gìtá kò ní ọrun. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan ni onígìtá fi ń ta okùn, ohùn kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń gba ìta tirẹ̀. Fífò tí ọrun ń fò ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí bí a ti lè ṣe é tí yóò fi padà wá.

Ìṣòro kò mọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ do-re-mi yóò tètè lóye èyí. Lórí fáyólìn, bí okùn kan bá jẹ́ do, okùn tí ó kàn án lókè ni so. Lórí gìtá, bí okùn kan bá jẹ́ do, èyí tí ó kàn án ni fa, àyàfi ibì kan ṣoṣo tí ó ti jẹ́ mi. Nítorí náà, ohun tí ìka ń rí ní ẹgbẹ́ ara wọn lórí fáyólìn lè jìnnà sí ara wọn lórí gìtá, ọrùn gìtá sì gùn ju ti fáyólìn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fáyólìn lè gòkè ju ibi tí gìtá lè dé lọ, nítorí náà onígìtá a máa sọ orin náà kalẹ̀ kí ó tó lè ta á. Láti borí nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ṣe wá àwọn ọgbọ́n ọwọ́ tí à ń gbọ́ òkìkí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn Òyìnbó fi wé gbígbálẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún yóò wọ́ kọjá lórí okùn mẹ́ta tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìgbálẹ̀, ìka ọwọ́ òsì yóò sì máa ṣí kúrò lórí okùn kọ̀ọ̀kan bí ohùn rẹ̀ bá ti dún tán, kí ohùn má baà dà lu ohùn. Òmíràn ni pé kí àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún fúnra wọn wá máa kan okùn mọ́ ọrùn gìtá, kí ọwọ́ méjèèjì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí a bá sì fi agbára iná ti gìtá kọjá ìwọ̀n, kí ohùn rẹ̀ lè máa han kíkan, ohùn kan ṣoṣo yóò dára, yóò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ta ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn a dàrú mọ́ra wọn bí ọ̀rọ̀ inú ọjà. Chaconne ti Bach sì kún fún irú ohùn alápapọ̀ bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ onígìtá yóò dín agbára iná kù níbẹ̀, tàbí kí ó pín àwọn ohùn náà fún gìtá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí kò bìkítà yóò jẹ́ kí ariwo bò ó mọ́lẹ̀, yóò sì retí pé àwọn ènìyàn kò ní mọ̀. Ibẹ̀ ni ìwà ti ń hàn. Ohun tí a ṣe sí ibi tí ẹlòmíràn kò lè rí ni a fi ń mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Ojúṣe kejì ni pé kí ó má fi ìyára ṣe ọlọ́run. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Ó fi nǹkan bí ọdún méjì kọ́ Caprice karùn-ún yìí, ó sì ń fi aago tí ń ka ìwọ̀n orin wọn ara rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni tí ń sáré ìje. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí àwọn ẹbí péjọ sí, ó ta á fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé fi ojú tẹ̀ lé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àgbàlagbà onílù kan tí ó jẹ́ alájọbí bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò pàtẹ́wọ́, kò sì bú u. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kí ni orin náà wí?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé, “Bàbá, orin yìí kò ní ọ̀rọ̀.” Bàbá náà ní, “Ìlù mi náà kò ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bí mo bá yára lu orúkọ ọba títí ọba kò fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ta ni mo kì?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mọ iye ohùn tí òun ń ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ibi tí orin náà ti ń bẹ̀bẹ̀ àti ibi tí ó ti ń bínú. Ìdí tí ìyára fi ń tan ni jẹ ni pé ó ṣeé kà. Ẹni tí ó bá yára lónìí ju àná lọ mọ̀ pé òun ti tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi aago wọn òye? Bẹ́ẹ̀ ni ìyìn àwọn ènìyàn a máa tètè tẹ̀ lé ohun tí ó ya ojú lẹ́nu. Ó bá Paganini pẹ̀lú. Ọwọ́ rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń sọ pé ó ti ta ọkàn rẹ̀ fún èṣù. Ní ọdún 1986 ni a ṣe sinimá kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Crossroads, nínú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá onígìtá èṣù díje. Orin tí ó sì fi ṣẹ́gun ni èyí tí Steve Vai tò láti inú Caprice karùn-ún. Ẹ wo bí ìtàn ti yí padà: orin tí wọ́n ní ti èṣù ni, òun ni a wá fi lé èṣù lọ.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bú ohun tí ó ṣòro. Ìṣòro lè ní ìtumọ̀. Nígbà tí Johannes Brahms fẹ́ gbé Chaconne ti Bach sórí dùùrù ní ọdún 1877, ì bá ti lo ọwọ́ méjèèjì, kí ó sì rọrùn fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni ó kọ ọ́ fún, kí ẹni tí ń tẹ dùùrù lè rí irú ìnira tí ẹni tí ń ta fáyólìn ń rí. Brahms mọ̀ pé bí fáyólìn kékeré ti ń jà láti sọ ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ jẹ́ ara ọ̀rọ̀ náà. Ìṣòro tí ó ń sin orin nìyẹn. Èyí tí ó burú ni ìṣòro tí orin ń sìn, tí a fi orin ṣe àga lásán kí ènìyàn lè gùn ún, kí ayé lè rí i. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n nítorí oyin ni ó ṣe ń la àpáta, kì í ṣe kí wọ́n lè wí pé àáké rẹ̀ mú.

Ojúṣe kẹta ni pé kí ó jẹ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Bach ní ọmọ kan tí ń jẹ́ Wilhelm Friedemann, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú orin. Ìwé kan wà tí Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nínú èyí tí ó ti gbé ọ̀kan nínú orin Vivaldi sórí dùùrù. Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ ọmọ, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá orin náà, ó ní bàbá òun kàn bá òun dà á kọ ni. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn ènìyàn fi gba èyí gbọ́, kí àwọn onímọ̀ tó wá rí òtítọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bàbá àti ọmọ. Ìwé kan náà ni, orin kan náà ni. Bàbá gba orin náà láti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọlọ́rọ̀ sí i. Ọmọ gbà á láti fi ṣe ọlá fún ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ní àbàwọ́n títí di òní. Ẹni tí ó bá ta orin Paganini lórí gìtá tí kò dárúkọ Paganini kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó bọ aṣọ lára òkú.

Àwọn kan lè wí pé, “Kí ni gbogbo èyí já mọ́? Eré ni orin. Bí ọwọ́ bá yára, tí inú àwọn ènìyàn sì dùn, ó ti tán.” Ìtàn ẹnì kan ni mo fẹ́ fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Ní ọdún 1969 ni a bí Jason Becker ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ogún ọdún tí ó fi gbé àwo tirẹ̀ tí ń jẹ́ Perpetual Burn jáde ní ọdún 1988. Caprice karùn-ún ti Paganini jẹ́ ohun tí ó fi gìtá oníná ta láìsí wàhálà. Díẹ̀ sì ni onígìtá ìgbà náà tí ọwọ́ wọn yá tó tirẹ̀. Ní ọdún 1990, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́lẹ̀. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àrùn kan tí a kò tíì rí ìwòsàn rẹ̀ ni ó ń ṣe é, àrùn tí ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan ara díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó sábà máa ń fi ọkàn sílẹ̀ láti máa ronú. Wọ́n ní yóò lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún láyé. Àwọn ìka tí ayé ń yìn ni ó kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ ro èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyára ọwọ́ nìkan ni ọkùnrin náà ní, kí ni ìbá kù fún un ní ọjọ́ náà? Òfìfo ni ìbá kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kọ́ orin àwọn ọ̀gá àtijọ́, kì í ṣe ìka rẹ̀ nìkan ni ó ń kọ́; ó ń kọ́ bí ohùn kan ti ń bí òmíràn, bí ìbànújẹ́ ti ń yí padà di ìrètí láàárín ìlà orin méjì. Àrùn náà kò lè dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá ọgbọ́n kan: ó pín àwọn lẹ́tà ábídí sí ẹgbẹẹgbẹ́, ọmọ rẹ̀ a sì máa fi ojú tọ́ka sí lẹ́tà tí ó fẹ́. Pẹ̀lú ojú yìí àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó ń bá iṣẹ́ orin lọ. Ní ọdún 1996 ó gbé àwo tí ń jẹ́ Perspective jáde. Ní ọdún 2018, èyí tí í ṣe ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ọjọ́ fún un, ó gbé òmíràn jáde, Triumphant Hearts. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà onígìtá ni ó wá fi ìka tiwọn ta ohun tí ó ti inú ọkàn rẹ̀ wá. Ohun tí ó ti ṣe fún Paganini, ẹni tí ó ti kú ní ọdún púpọ̀ kí a tó bí i, ni àwọn ẹlòmíràn wá ṣe fún un nígbà tí ó ṣì wà láàyè: wọ́n yá a ní ọwọ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó bá gbé orin àtijọ́ sórí ohun-èlò tuntun ń yá òkú ní ọwọ́ àti ìka. Ọlá ni, bí ó bá jẹ́ pé ohùn ẹni náà ni ó ń jẹ́ kí a gbọ́. Ìwọ̀sí ni, bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ nìkan ni ó ń ké sí wa láti wá wò. Kì í ṣe orin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ń fi ẹnu sáré ka ohun tí kò yé e, agbẹjọ́rò tí ó ń rọ òjò ọ̀rọ̀ lé ilé-ẹjọ́ lórí láìro ẹ̀dùn ẹni tí ó gbà á, oníwàásù tí ó ń fi ohùn dídùn bo ìwé mímọ́ mọ́lẹ̀: onígìtá aláìlóye ni gbogbo wọn.

Ẹ kọ́ ọwọ́ yín. Ẹ kọ́ ọ títí yóò fi yá, nítorí pé ọ̀lẹ kò lè sin ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí àwọn ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ rántí ìbéèrè àgbà onílù náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ ní èsì: kí ni orin náà wí?